Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Marek

Ọdún tí ìjọba ní kí àwọn ará Gánà kó ẹrù wọn kúrò ní Nàìjíríà ni mo wá bá Délé, ọmọ mi, gbé ní Houston. Láti ọdún náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú. Mi ò kàwé. Bísí, ọmọ ọmọ mi tó ti Ìbàdàn dé, ló ń bá mi kọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, Délé pàdé Marek ní mall, Marek yíjú kúrò. Láti ìgbà náà ni mi ò ti rí oorun sùn.

Iléeṣẹ́ epo kan náà ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Òyìnbó Poland ni Marek. Bàbá rẹ̀ arúgbó máa ń ta fáyólìn, gòjé àwọn òyìnbó, orin ijó abúlé wọn. Délé á wá fi sasofóònù fọn jáàsì wọ inú rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń ṣe é ní apátímẹ́ntì wa ládùúgbò Greenspoint.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo kórìíra orin náà. Bàbá á fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, á nawọ́ sí mi, "Mama! Mama!"

Délé á ní, "Màmá, ẹ dìde, ẹ má dójú ti bàbá."

"Ijó tó ń ta pọ́ún bí ẹni tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀ yìí? Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi ìbàdí kán ni?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà náà, inú kásẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń bá ẹ̀gbọ́n mi ní Iléṣà sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń lọ sílé á bá mi mú un dání. Lọ́jọ́ kan, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan yà, ó ń lọ sí éápọ́ọ̀tù. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì tuntun nílé. Ọ̀kan wà nínú rédíò. Mo tẹ̀ ẹ́. Fáyólìn bàbá ni, àti fèrè ọmọ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé orin wọn ni. Mo ní ṣebí gbogbo Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n á tún un ṣe. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa tó ń gba ohùn sílẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, mo béèrè ewúrẹ́ rẹ̀, mo béèrè òrùlé tó ń jò, títí kásẹ́ẹ̀tì fi kún.

Bàbá kú lójijì kí Sátidé tó dé.

Marek wá béèrè kásẹ́ẹ̀tì náà. Inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni wọ́n gba orin bàbá rẹ̀ sí. Délé tú gbogbo ilé.

"Màmá, ẹ ò bá mi rí kásẹ́ẹ̀tì inú rédíò?"

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ fi rédíò yín ṣe?"

Marek gbà pé ńṣe ni Délé gbé e pamọ́, kó lè sọ orin náà di tirẹ̀. Ó pè é ní olè lójú mi. Mo gbọ́ ìyẹn nínú èèbó wọn. Délé kò fọn fèrè mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fún Marek, àbí kí n má lọ tú egbò rẹ̀? Délé ní òun ò ní bá mi túmọ̀ ẹ̀bẹ̀ mi fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àwọn ọmọ mi ti mọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo pe Délé àti ìyá Bísí, ọmọ mi obìnrin, jókòó. Mo ní, "Délé, ohùn èmi ìyá rẹ ni mo fi pa fáyólìn bàbá ọ̀rẹ́ rẹ rẹ́. Mo sì ń wò ọ́ níran nígbà tí wọ́n ń pè ọ́ ní olè."