Ọwọ́ Tí Mo Gbé Lé Pósí Naomi

Okun o, ẹ̀yin ará ilé Naomi. Ẹ má wulẹ̀ gbé omi wá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná. Èmi Lájídé, tí Naomi gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ní Kabba, ni mo ní kí ọmọ mi fi mọ́tò gbé mi wá sí Ifẹ̀-Olúkòtún yìí. Dókítà ti sọ fún un pé kó máa gbé mi lọ sílé, mo sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Irọ́ tí mo pa nínú àgbàlá yìí lọ́jọ́ ìsìnkú Naomi kò ní bá mi wọ ilẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé aránṣọ ni. Lọ́dún tó lò kẹ́yìn nílé mi, ìdajì owó ilé ló san, ó ní òun á san ìyókù kí ọdún tó parí. Àìsàn kò jẹ́. Ó ní òun fẹ́ padà sọ́dọ̀ yín wá gba ìtọ́jú. Inú bí mi. Ta ni yóò wá gba yàrá láàárín ọdún? Mo ní kò ní gbé ẹrù kankan jáde àfi tó bá san owó tó kù. Obìnrin tó ń fi ọwọ́ ti ògiri kó tó lè dúró! Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, mi ò fẹ́ jẹ yín ní gbèsè. Ẹ gba maṣíìnì mi, ẹ tà á." Mo gbà á. Mo tà á fún télọ̀ kan lọ́jà Kabba, owó rẹ̀ tó gbèsè náà, ó tún ṣẹ́kù. Mo jẹ ìyẹn náà. Bọ́ládé, tó máa ń bá mi gba owó ilé, nìkan ló mọ̀.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé Naomi ti kú. Èmi àti Bọ́ládé wá síbi ìsìnkú. Ẹ gbà mí gbọ́ tàbí kí ẹ má gbà mí gbọ́, ẹkún ni mo bá wá lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé pósí sẹ́bàá ibojì. Ọlọ́runlékè, ìwọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, o dìde gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, o ní, "Ẹni tí àbúrò mi bá jẹ ní gbèsè, kó sọ ọ́ ká tó gbé e wọlẹ̀." Bọ́ládé bá fi ìgúnpá gún mi. "Ẹ̀gbọ́n, páànù ilé yín ń jò. Ta ló mọ̀ nípa maṣíìnì?" Ọ̀kánjúwà wọ̀ mí lójú. Mo nawọ́ sókè, mo ní Naomi fi gbèsè ìdajì ọdún sílẹ̀ sá kúrò nílé mi.

Praise, ọmọ rẹ̀, fò dìde. "Irọ́ ni! Màmá mi sọ fún mi. Maṣíìnì wọn ni wọ́n fi san án!"

Ọlọ́runlékè, o gbá a létí. O ní, "Ṣé àgbà lò ń pè ní òpùrọ́?" Ẹnu mi ì bá là nígbà náà, gbogbo rẹ̀ ì bá tán síbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rìn lọ síbi pósí, mo gbé ọwọ́ lé e, mo fi orúkọ Ọlọ́run búra pé n kò gba nǹkan kan. Ọmọ náà ń wo ọwọ́ mi. Kò sunkún mọ́.

Ẹ kò lè gbé e wọlẹ̀ láìkọ́kọ́ san gbèsè náà. Naomi wà nínú oòrùn títí ìwọ Ọlọ́runlékè fi lọ ta iṣu inú abà rẹ, tòun ti èyí tí o fẹ́ gbìn. Mo ka owó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Praise ní ọmọ tó parọ́ nídìí ibojì ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ pé Lọ́kọ́jà ló wà báyìí, pé kì í wálé.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Naomi kò jẹ mí ní kọ́bọ̀. Owó yín rèé, àti èyí tó ṣẹ́kù lórí maṣíìnì. Ọlọ́runlékè, kí o tó bú mi, pe Praise lórí fóònù, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún un níṣojú gbogbo yín. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní òun kò dárí jì mí, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé àgbà ni mí.