Sìlíńdà Tó Ń Súfèé

Àárọ̀ Sátidé tí Ayọ̀dèjì ń di ẹrù ìyá rẹ̀ láti gbé e padà sí Ẹ̀rúwà ni Abigail, ìyàwó rẹ̀, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí kò ní lọ sísàlẹ̀ mọ́. Bí kò bá sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó dé, kò ní sọ ọ́ mọ́ láyé. Ó wọ yàrá, ó jáde. Ó tún aṣọ tó ti ká ká. Ó gbé omi lé iná, ó gbàgbé ohun tó fẹ́ fi ṣe. "Kí ló ń ṣe ọ́ ná?" ni Ayọ̀dèjì bi í. Ó ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ tún nìyẹn.

Ilé ayálégbé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní apá ọ̀nà Ìdímù, ni wọ́n ń gbé. Abigail ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, Ayọ̀dèjì sì jẹ́ tíṣà. Nígbà tí bàbá Ayọ̀dèjì kú, Màmá wá bá wọn gbé. Màmá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń tọ́jú Tolúwalọpẹ́, ọmọkùnrin wọn, bí ẹni gbé ẹyin dání. Òun ló ń ka Bíbélì fún àwọn ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ, kì í sì í lo awò ojú. Ohun kan ṣoṣo tí Abigail ní sí i ni pé kì í kúrò ní kíṣìnì. Bí Abigail bá se ọbẹ̀ tán, Màmá á ṣí i, á tọ́ ọ wò, á bu iyọ̀ sí i. "Ìyá Tolú, ọbẹ̀ yìí ò tíì mọ ẹni tó ni ín o," bẹ́ẹ̀ ni yóò wí, á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló máa ń dun Abigail jù. Ó máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, á bá ìyá náà lórí àpótí láàrin kíṣìnì, inú á bí i débi pé á lọ jókòó sínú yàrá láì bọ́ bàtà.

Wọ́n ní sìlíńdà kékeré kan, èyí tí ojú iná wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ti ń lò kí wọ́n tó ra ńlá. Lọ́jọ́ kan, Abigail gbé e lọ sọ́dọ̀ Múdàṣírù tó ń ta gáàsì ní oríta wọn. Múdàṣírù dá a dùbúlẹ̀, ó wo nọ́ńbà tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè rọ gáàsì sí eléyìí o. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní ká kó irú ẹ̀ padà. Ẹnu ẹ̀ ò dáa. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ pa á, á ṣì máa jò díẹ̀díẹ̀."

"Ṣebí kò tíì ṣe wá ní nǹkan kan?"

"Ohun tí wọ́n wí nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ níbí. Wọ́n á fún yín ní tuntun tó bá dé."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀, jàre."

Ì bá fi sílẹ̀. Àmọ́ ó ti ń rò ó láti ilé pé bí Màmá bá ní iná tirẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, òun náà á gba kíṣìnì òun padà. Ó gbé sìlíńdà náà sínú kẹ̀kẹ́, ó gbé e lọ sí Ìkọ̀tún, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì rọ gáàsì kún un láì wo ọrùn rẹ̀. Kò lè sọ pé òun ò mọ̀. Ó mọ̀. Bí kò bá mọ̀, kí ló dé tí kò gbé e wọ inú kíṣìnì ara rẹ̀ nígbà tó délé? Ẹ̀yìn ló gbé e lọ tààrà.

Inú Màmá dùn bí ọmọdé. Ó súre fún un lọ́jọ́ yẹn títí ó fi sú Abigail. Láti ìgbà náà ni ara Abigail kò ti lélẹ̀ mọ́. Lójoojúmọ́ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá di Sátidé òun á gbé e padà. Sátidé á dé, á ní aṣọ pọ̀ láti fọ̀. Níbi iṣẹ́, á pe ilé lórí fóònù, á ní, "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" Kì í ṣe oúnjẹ ló ń bèèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ṣì dúró ni. Tó bá ti gbọ́ ohùn ìyá náà, á mí kanlẹ̀. Kò ní pẹ́ tí á tún pè.

Lọ́jọ́ kan Màmá pè é. "Ìyá Tolú, nǹkan yìí ń súfèé sí mi o, lẹ́yìn tí mo bá ti pa á."

Abigail gbọ́ súfèé náà fúnra rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń fa atẹ́gùn láàrin eyín. "Bí gáàsì ṣe máa ń dún nìyẹn, Màmá. Ẹ ṣáà máa pa á dáadáa."

"Ó dáa, ọmọ mi."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà wá bẹ́. Màmá po ẹ̀kọ tó gbóná fún Tolú, ọmọ náà gbé e wọlé lọ, ó pa gáàsì, ó jókòó sí tòsí ibẹ̀, ó ń ká aṣọ. Abigail ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀. Promise, obìnrin tó ń gbé yàrá kejì, ṣáná ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó fi tan kọ́ìlì ẹ̀fọn. Iná náà kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré gba ilẹ̀ lọ bí ajá tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó sì gba ìdí ìró Màmá gòkè dé apá. Promise gbé odindi ọ̀pọ́n omi ìfọṣọ, ó dà á lé ìyá náà lórí. Abigail da aṣọ tútù bo sìlíńdà, ó sì na ọwọ́ sí orí rẹ̀ láti pa á. Kò yí. Màmá ti pa á, ó dì pinpin.

Ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń fi oògùn sí apá Màmá, Ayọ̀dèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lórí. "Màmá, ṣé ẹ rántí pa gáàsì?"

"Mo pa á."

Promise mi orí. "Bóyá Màmá gbàgbé ni. Àgbà ti dé, kì í ṣe ẹ̀bi wọn."

"Mo ní mo pa á!"

Ayọ̀dèjì wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ lo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Báwo lo ṣe bá a?"

Bí ẹ bá rò pé gbígbé tó gbé sìlíńdà lọ sẹ́yìn ló burú jù, ibi tó burú jù rèé. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀, ojú Màmá náà wà níbẹ̀, ó ń dúró kí ẹnì kan gbè é. Abigail dáhùn pé, "Ó ṣí sílẹ̀."

Màmá kò jiyàn mọ́. Ó kàn wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni wo ọwọ́ àlejò.

Abigail gbé sìlíńdà náà padà fún Múdàṣírù, ọmọkùnrin náà sì ń kí i kú orí ire. Ṣùgbọ́n nínú ilé, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí iyọ̀. Ó lo oògùn tán, ó ní òun kò rántí pé òun lò ó. Kò ka Bíbélì fún ìjọ mọ́. Ó ní òun lè fo ẹsẹ. Ó ń tọrọ àyè kó tó fọwọ́ kan ìkòkò. "Ìyá mi náà kò dá wa mọ̀ mọ́ kó tó kú," ló sọ fún Abigail. "Ó ti kàn mí." Kíṣìnì ti di ti Abigail nìkan báyìí, kò sì lè dúró nínú rẹ̀. Ayọ̀dèjì ló wá ní kí wọ́n gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Ẹ̀rúwà, ẹni tó lè máa tilẹ̀kùn mọ́ ọn tó bá ń jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé náà ṣe dé. Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, Abigail ń bá a wé gèlè.

"Ṣé mo ti wọ bàtà?"

Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ẹ ti wọ̀ ọ́, Màmá."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "O ṣeun. O kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Tí Tolú bá dàgbà, Ọlọ́run á fún ọ ní ìyàwó ọmọ tó dà bí ìwọ gan-an."

Orúnkún Abigail gbá ilẹ̀. "Màmá, ẹ má ṣàdúrà yẹn fún mi. Ẹ pa gáàsì náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ pa á!"

Ayọ̀dèjì dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Abigail kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun. Ó sọ ọ̀rọ̀ Múdàṣírù, ó sọ ti Ìkọ̀tún, ó sọ ìdí tó fi gbé e sẹ́yìn àti súfèé tó gbọ́, títí dé irọ́ tó pa ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó parí, Ayọ̀dèjì jókòó lórí báàgì tó ń dì. "Ìyá mi, Abigail?"

"Tún un sọ," ni Màmá wí.

"Ẹ pa á, Màmá. Ó dì pinpin. Èmi ni mo parọ́."

Màmá fi etí ìró bo ẹnu. Wọ́n rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. "Mo pa á! Mo ní mo pa á! Orí mi pé, Ayọ̀dèjì. Orí mi pé!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín náà wá kúrò.

"Ẹ dárí jì mí, Màmá. Mi ò lẹ́nu tí mo lè fi bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀ yín."

"Iná jó mi lápá, ìyẹn ń san. Ṣùgbọ́n ò ń wò mí, tí mò ń bẹ̀rù orí ara mi, o sì ń bá mi wé gèlè." Ó tú gèlè náà, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo wá ìdáríjì nínú mi, mi ò rí i. Bóyá tó bá yá. Ayọ̀dèjì, tú ẹrù mi sílẹ̀. Ṣé Promise wà nílé?"

"Ó ń fọṣọ lẹ́yìn, Màmá."

"Òun àti àwọn ará ilé ni wọ́n gbọ́ pé mo ti ń ṣarán. Ìyá Tolú, lọ bá wọn."

Abigail jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ògiri rẹ̀ ṣì dúdú. Promise gbé ojú sókè láti inú ọ̀pọ́n. Alàgbà Adéríbigbé, onílé wọn, yọrí lójú fèrèsé òkè. Abigail rọra lanu. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ iná ọjọ́sí..."

"Mi ò gbọ́," ni ohùn Màmá ké láti inú yàrá. "Sọ ọ́ sókè!"

Abigail di ògiri mú, ó sì pariwo rẹ̀.