Òwú Tó Di Ìgbànú Tíúbù Méjì

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ara-fẹ́ra-kù. Èmi aránṣọ, àbúrò òkú, lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn nìkan o, inú ń bí mi.

Gbogbo yín lẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà ìṣirò tẹ́ ẹ̀ ń pè ní Bàbá Olówùú. Ẹ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ta ló bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fi òwú ṣe? Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ ò béèrè!

Èmi béèrè. Wọ́n wá gba òwú pupa ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé táyà lẹ fẹ́ rán ni?"

Wọ́n ní, "Wá wò ó, ẹlẹ́nu ṣọ́ọ́rọ́."

Wọ́n so òwú yí bọ́ọ̀lù ká, wọ́n tì í díẹ̀, ó yọ̀ bọ́. Wọ́n gba inú ihò tíúbù táyà so òmíràn. A tì í títí, kò bọ́! Wọ́n ní, "Kòkòrò tó ń rìn lára róbà yìí ò lè rí ihò àárín ẹ̀. Òwú ló máa sọ fún un."

Ẹ̀yin èèyàn, orí mi wú.

Wọ́n tún fi òwú ṣe òrùka kékeré sára tíúbù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n fà á, ó sún kì, ó dòfo. Wọ́n wá ní kí fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi dá ihò sí ojú ibẹ̀ gan-an, kó lẹ tíúbù kejì mọ́ ọn.

Fọkanáísà ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ wo lèyí fẹ́ wọ̀?"

Wọ́n tún òrùka yẹn kan náà, tó dòfo lẹ́ẹ̀kan, so yí ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ ká, ó di ìgbànú láàárín tíúbù méjèèjì. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè tì í tó máa bọ́.

Bọ̀ọ̀dá àgbà, ẹ̀yin àkọ́bí ilé wa tẹ́ ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin lẹ gé òwú yẹn, ẹ dáná sun ún, ẹ ní oògùn ni! Bàbá Olówùú ò bá yín jà. Wọ́n kàn tún un so ni, olórí kunkun! Lánàá, ẹ tún pe ọmọbìnrin wọn, ẹ ní kò gbọdọ̀ padà sí yunifásítì tó ti ń kọ́ ìṣirò bíi ti bàbá ẹ̀, pé ẹ̀kọ́ yìí ló pa bàbá ẹ̀. Irọ́! Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa wọ́n.

Ẹ má wolẹ̀. Níwájú òkú, ẹ dáhùn: ṣé ọmọ á padà síbẹ̀ àbí kò ní padà?

Ẹ gbóhùn sókè, àwọn ará ẹ̀yìn ò gbọ́!

Ẹ̀hẹ́ẹ̀n. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jẹ́rìí o: Bọ̀ọ̀dá àgbà ní kó máa lọ.

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti gbọ́. Ẹ rọra máa lọ, kí ọ̀nà là gbọọrọ níwájú yín. Ìbéèrè tẹ́ ẹ ní ò tíì tán, ọmọ yín ló máa bi ìyókù.