Ògiri Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kàn

Ẹ sún mọ́ mi. Corinne, ìwọ tó ń tọ́jú mi, bá mi pa rédíò yẹn, kí o sì ti ilẹ̀kùn. Ohùn mi ò lágbára mọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ sì ti jókòó sí mi láyà fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Bí mo bá gbé e wọ sàréè, a jẹ́ pé irọ́ náà ni mo ṣì ń pa títí dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ ń rẹ́ ògiri, ẹ̀yin tí a jọ ń gba ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ẹ mọ̀ mí sí Numa Doliole, ẹni jẹ́jẹ́, ẹni tí kì í rẹ́ oníṣẹ́ jẹ. Ẹ ò mọ̀ mí. Kiana, Desmond, ẹ̀yin tí ẹ ra ilé mi, ẹ jókòó dáadáa. Amaya, ìwọ ọmọ wọn, torí tìẹ gan-an ni mo ṣe ní kí Corinne pe gbogbo yín. Nanan Verdell, ẹni tí wọ́n ní ó fi nǹkan sínú oúnjẹ rẹ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, kò fi nǹkan kan síbì kankan. Èmi ni mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́, mo sì dákẹ́. Kí ni mò ń sọ? Mi ò tilẹ̀ dákẹ́. Ì bá sàn ká ní mo dákẹ́.

Nínú ìdílé tí wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ ògiri la fi ń jẹun. Bàbá mi kì í wọ ilé ẹni kó má kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú ògiri kó tó kí onílé. Pátákó ògiri tí wọ́n ń tà lọ́jà, èyí tí wọ́n fi bébà líle bo ẹfun láàárín, páálí ló ń pè é. Á ní, "Numa, ẹni tó bá fi páálí ṣe ògiri, inú páálí bàtà ló ń sùn." Á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ìkún omi wá ní ọdún 2005, omi dúró nínú ilé mi ní Gentilly fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo New Orleans ló ń wá páálí. Èyí tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ wa ò kárí, ni ọkọ̀ òkun bá ń kó ti China wọlé. A wà nílé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Houston, tí Leocadie ìyàwó mi ń sunkún lójoojúmọ́ pé òun fẹ́ lọ sílé. Tí mo bá ní kí n rẹ́ ògiri náà bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, ó máa tó oṣù mẹ́fà kí n tó parí ẹ̀. Mo ra páálí. Mo fi ọwọ́ ara mi kàn án láti pálọ̀ títí dé yàrá ẹ̀yìn. Mo rí ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, pé China ni wọ́n ti ṣe é, kò sì já mọ́ nǹkan kan lójú mi. Ta ni ohun ìní rẹ̀ ò ti China wá? Ọjọ́ tí a kó wọlé, a se akàn, a pe gbogbo àdúgbò, ẹ̀yin náà sì jẹ níbẹ̀.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí òórùn kan fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bà jẹ́, bí iná ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. A wá òkú eku títí, a ò rí. Leocadie bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ojú ń ta á, ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú rẹ̀. Ṣíbí fàdákà mẹ́fà tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà ìgbéyàwó wa dúdú nínú àpótí wọn. Ẹ̀rọ amúlétutù kú, a tún un ṣe, ó tún kú. Ferdie, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe, tú u sílẹ̀ nígbà kejì, ó sì ń mi orí. Ó ní, "Ọ́ńkù, ilé karùn-ún rèé. Ẹ wo bàbà inú ẹ̀, ó dúdú kirikiri. Ilé tuntun ni gbogbo wọn, páálí kan náà ló wà ní gbogbo wọn. Nǹkan kan ń jáde látinú ògiri yín." Mo bi í pé, "Ta ló tún mọ̀?" Ó ní, "Èmi nìkan ni mo rò ó bẹ́ẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó ń sọ ọ́." Nígbà tó lọ tán, mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lára ògiri. Wáyà bàbà inú rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ẹ ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe ikọ́ ìyàwó mi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n tètè ta ilé náà kí ẹlòmíràn tó mọ̀.

Mo sọ fún àwọn èèyàn pé orúnkún Leocadie ò gba àtẹ̀gùn mọ́, pé ilé kékeré la fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé a máa pe olùyẹ̀wò, olùyẹ̀wò a sì máa tú sọ́kẹ́ẹ̀tì bíi mélòó kan wò. Nítorí náà, mo pa iná ilé, mo mú sáńpépà, mo tú gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ha wáyà wọn títí wọ́n fi ń dán bí tuntun. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. N kò ṣe iṣẹ́ kankan láyé mi tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ti òórùn ló wá kù. Mo kun ilé, mo ṣí fèrèsé, ó ṣì ń rùn. Ni mo bá sọ fún Leocadie pé kó gbé ọbẹ̀ gọ́mbò kaná ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wá wo ilé, kí òórùn àlùbọ́sà àti ti akàn lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Kiana, o rántí? O wọlé, o mí kanlẹ̀, o ní, "Ẹ̀ẹ́n-ẹ́n! Desmond, gbóòórùn! Bí ìdáná Nanan gẹ́lẹ́!" Nanan Verdell, ìyá ìsàmì rẹ, tó tún jẹ́ àbúrò ìyá rẹ tó tọ́ ọ dàgbà, ló dúró lẹ́yìn rẹ tó ń rẹ́rìn-ín. O fi ọwọ́ lé ikùn. Ìgbà tí ẹ lọ tán ni Leocadie pa iná ìdáná, ó ní, "Numa, oyún wà nínú ọmọ yẹn." Mo ní gbogbo ilé ló ní àléébù tiẹ̀. Ó ní, "Tiwa ńkọ́? Kí la fẹ́ kọ sínú ìwé yẹn?" Ìwé tó ń wí ni fọ́ọ̀mù tí òfin ní kí ẹni tó ń ta ilé kún, kó sọ gbogbo àléébù tó bá mọ̀. Ìdáhùn mẹ́ta ló wà níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò mọ̀. Wọ́n bi mí bóyá àléébù kan wà lára ògiri. Ojo lásán ì bá mú "mi ò mọ̀." Èmi mú "bẹ́ẹ̀ kọ́," mo sì fọwọ́ sí i.

Ẹ kó wọ ilé mi. Àwa lọ sí òpópónà kejì. Amaya, wọ́n bí ọ sínú òórùn yẹn. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í yọ eyín, Mama Odile, ìyá àgbà bàbá rẹ, so owó fàdákà àtijọ́ kan tí wọ́n lu ihò sí mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ, bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń ṣe. Gbogbo wa níbí la mọ ohun tó túmọ̀ sí. Tí owó bá ń dán, ara ọmọ le. Tó bá dúdú, ẹnìkan ti fi nǹkan burúkú fún ọmọ jẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì owó náà ti dúdú. Wọ́n nù ún, ó tún dúdú. Imú rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀, o ń wúkọ́ bí arúgbó. Ta ló ń se oúnjẹ rẹ? Ta ló ń gbé ọ pọ̀n nígbà tí ìyá rẹ bá lọ síbi iṣẹ́? Verdell ni. Mama Odile ò sì fẹ́ràn rẹ̀ látilẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mama Odile ló ṣíwájú, Verdell tẹ̀ lé e, Desmond ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ń fà lọ sí kóòtù. Verdell ń sunkún. Ó ní, "Èmi tí mo wẹ Kiana láti ọmọ ọdún mẹ́rin! Èmi ni kí n pa ọmọ rẹ̀! Ẹ wo yẹtí fàdákà mi, òun náà ti dúdú. Ta ló wá fún èmi jẹ?" Mama Odile ní, "Tìẹ ló padà sí ẹ lára, àjẹ́!" Verdell ní, "Nǹkan kan ń bẹ nínú ilé yẹn, ma. Ẹ bi Ẹ̀gbọ́n Numa, àwọn ló gbé ibẹ̀ ṣáájú." Ni Mama Odile bá kọjú sí mi. "Numa, ọmọ dáadáa ni ẹ́, mo mọ bàbá ẹ. Nígbà tí ẹ fi wà níbẹ̀, ǹjẹ́ fàdákà yín dúdú?" Ẹ gbọ́ mi o. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin yẹn bọ́, wọ́n á sì gbé ọmọ kúrò nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mo wo ojú Desmond, mo rí fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ sí, mo rí lọ́yà. Mo rí èmi àti Leocadie tí a tún ń sùn nílé onílé ní Houston. Mo ní, "Rárá o, ma. Fàdákà wa funfun báláú." Mama Odile ní, "Gbé e wá ká rí i." Leocadie ti fọ àwọn ṣíbí náà lọ́sẹ̀ tí a kó jáde, ó sì ti fi aṣọ nù wọ́n títí wọ́n fi ń kọ mànà. Mo ké sí i, mo ní kó gbé wọn wá. Ó gbé wọn wá. Mama Odile gbé ọ̀kan sókè sí oòrùn, ó sì tutọ́ sílẹ̀ níwájú Verdell. Verdell gba ṣíbí náà, ó yí i po, ó sì rí ibi tí aṣọ ò dé nínú iṣẹ́ ọnà ìdí rẹ̀. "Mama, ẹ wo ibí! Ẹ wò ó, dúdú ni!" Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi etí ẹ̀wù mi nù ún, mo ní, "Ọ̀rá ọbẹ̀ ni." Verdell wò mí. Ẹkún rẹ̀ dá. Ó ní, "Ẹ ṣé o, Ẹ̀gbọ́n Numa," ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Baton Rouge. Kiana, mo mọ̀ pé o ò jáde sí i. Mi ò bá ọ wí. Èmi ni mo ní kí o yan ọ̀kan nínú ìyá rẹ àti ọmọ rẹ.

Ibi tó wá korò jù ni èyí. Ẹ̀rù ilé náà wá ń ba Mama Odile, ó ní nǹkan tí Verdell rì mọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó sì kó yín lọ sílé tirẹ̀. Láàárín oṣù kan, ẹ̀jẹ̀ imú rẹ dá, Amaya, ikọ́ lọ, owó fàdákà ẹsẹ̀ rẹ sì ń dán. Gbogbo èèyàn ní, "Ẹ rí i báyìí? Ó lọ, ọmọ yá." Mo wà láàárín wọn, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́run tóbi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ páálí China bọ́ sórí rédíò lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo pa rédíò. Ilé náà ti bọ́ lọ́wọ́ yín, báńkì ti gbà á, ẹ sì ti ní ìbànújẹ́ mìíràn tí ẹ ń gbé kiri. Leocadie ò se gọ́mbò mọ́ títí ó fi kú. Tí àwọn àlejò bá ní kó sè é, á ní ó ti sú òun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí Corinne gbé mi lọ sọ́dọ̀ Mama Odile. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rùn-ún ọdún. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú àìsàn yìí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, sáńpépà, fọ́ọ̀mù, ṣíbí, láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó wá ní, "Numa, òògùn tí wọ́n ń fún ẹ ti gun orí ẹ. Ògiri wo ló ń mú fàdákà dúdú lẹ́sẹ̀ ọmọ? Àbí Verdell ló rán ẹ?" Mo búra. Ó ní kí n má pe Ọlọ́run sí irọ́. Ọjọ́ tí mo parọ́ fún un, kíákíá ló gbà mí gbọ́. Mo wò ó, mo sì mọ̀ pé kò lè gbà á láéláé, nítorí tó bá gbà á, òun náà á ní láti ka ọdún mẹ́tàdínlógún tó fi pe èèyàn rere ní àjẹ́. Èmi ni mo gbé ìyẹn kọ́ ọ lọ́rùn pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́lé, tó ń ta ilé, ẹ gbọ́. Ẹ ó máa sọ fún ara yín pé bébà lásán lẹ fọwọ́ sí, pé ẹni tó rà á lójú. Irọ́ tí ẹ bá kọ síbẹ̀ kò ní dúró síbẹ̀. Ó máa bá yín délé, ó máa ní kí ẹ tún pa òmíràn, èyí tó bá sì tún pa lẹ́yìn ìyẹn lè jẹ́ ayé èèyàn. Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni nínú yín pé kó dárí jì mí. Mi ò lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Amaya, ohun kan ni mò ń bẹ ọ́. Verdell ṣì wà láàyè. Kò bí ọmọ kankan. Ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ ló ń fi káàdì ránṣẹ́, Mama Odile sì ń dá a padà láìṣí i, ẹni tó ń pín lẹ́tà ló sọ fún mi. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà lọ́wọ́ Corinne. Lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí o sì mú ìyá rẹ dání. Ẹ kan ilẹ̀kùn. Ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, ẹ sọ fún un pé ẹ ti mọ̀. Tó bá bi yín pé ta ló sọ ọ́, ẹ dárúkọ mi. Tó bá sì fi mí ṣépè, ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kó ṣe é tán.