Àgbàdo Tí Ebi Ń Pa ní Barakallahu

Ẹ yin Olúwa! Halelúyà! Ẹ tún yìn ín o, ṣùgbọ́n ẹ fi díẹ̀ pamọ́, torí àtúnṣe wà nínú ẹ̀rí mi.

Orúkọ mi ni Tóbi, ọmọ Ìyá Tóbi tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún yẹn, tí wọ́n ń bojú. Ìmọ̀ nípa irè oko ni mo kà ní yunifásítì. Lọ́dún àṣekágbá, mo gbin àgbàdo ìwádìí sórí ilẹ̀ bàbá mi ní Barakallahu, níbi tí ìpìlẹ̀ ilé wa ti ń sinmi láti ìgbà tí mo wà ní praimárì. Mo pín in sí abala mẹ́rin. Ní abala kọ̀ọ̀kan, àwọn ebè kan ń jẹ ajílẹ̀, àwọn kan kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan ohunkóhun. Àwọn tí kò jẹ yìí la fi ń mọ ohun tí ajílẹ̀ ṣe fún àwọn tó jẹ. Ó yẹ kí wọ́n rù. Ó yẹ kí ewé wọn pọ́n.

Nígbà tí àgbàdo yọmọ, Dókítà Asabe tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wá wò ó. Ní abala kìíní, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún.

"Haba, Tóbi! Èyí tí kò jẹun ló ga ju èyí tó yó lọ?"

"Ma, èmi náà ń wò ó."

"Wá ṣàlàyé fún mi kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wàá tún un gbìn ní òjò ọdún tó ń bọ̀."

Ọdún kan gbáko! Àwọn ẹgbẹ́ mi á lọ ṣe àgùnbánirọ̀, èmi á máa kọ ebè. Abala mẹ́ta yòókù dára lójú, ṣùgbọ́n bí mi ò bá mọ ohun tó wọ ìkíní, báwo ni mo ṣe fẹ́ búra fún wọn? Mo gbààwẹ̀. Mo gbàdúrà. Mo yẹ àkọsílẹ̀ mi wò lẹ́ẹ̀mẹfà.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e ni ìyá mi jáde síbí yìí. Ẹ rántí. Wọ́n ní, "Àgbàdo ọmọ mi ń kú lọ. Mo gbàdúrà lé e lórí, ó sọjí!" Ẹ̀yin ará, ẹ hó, páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Èmi nìkan ni mi ò hó. Mò ń ṣírò.

Nílé wa ní Barnawa, mo ní, "Mọ́mì, yàtọ̀ sí àdúrà, kí lẹ tún fún àgbàdo yẹn?"

Wọ́n wo àwo oúnjẹ wọn. "Ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ tí o ń ṣe ìdánwò."

"Mọ́mì!"

"Ṣé kí n máa wò wọ́n ni? Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn! Ìwọ tí mo bí, o ò tiẹ̀ lójú àánú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ebè mélòó lẹ fún?"

"Gbogbo wọn ni mo fẹ́ fún. Abala kìíní ni mo ṣe tán tí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí."

"Ṣé ẹ̀yìn tí ẹ sọ fún wa pé àga ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ gbé ló fà á?"

"Òun náà ni."

Ẹ yin Olúwa! Mo dọ̀bálẹ̀ nídìí tábìlì. Wọ́n rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀.

Dókítà kò gbà mí gbọ́ lásán. Bó bá jẹ́ èmi, mi ò ní gbà. Wọ́n bá mi lọ sóko. Málàm Sani tó ń sin adìyẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ wa ní, "Wallahi, àpò kan péré ni Mama gbà. Èmi ni mo gbé wọn sínú kéké, wọn ò lè nà tán!"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Yọ abala kìíní kúrò. Mẹ́ta tó kù tó ọ. Kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé."

"Kí ni kí n kọ, ma?"

"Kọ ọ́ pé ìyá rẹ ṣàánú."

Mo kọ ọ́. Mo yege. Olúwa, mo dúpẹ́!

Mi ò ní sọ pé Ọlọ́run ló rán ẹ̀yìn dídùn sí ìyá mi. Mi ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹ̀yìn náà bá pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó dùn wọ́n, abala kejì ìbá ti jẹun. Nítorí náà, mo dúpẹ́. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, tí wọn kò jẹ́ kí ebi pa mí rí, tí wọn kò sì mọ ìgbà tó yẹ kí ebi pa nǹkan.

Ẹnikẹ́ni tí ìṣòro rẹ̀ kò bá yé e, kó má rẹ̀wẹ̀sì. Kó gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bi àwọn ará ilé rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ bá mi gbàdúrà fún ẹ̀yìn ìyá mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sún àdúrà yìí síwájú. Ìwé ẹ̀rí mi ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ báyìí. Ẹ̀yìn náà lè wá san. Ẹ yin Olúwa!