Ẹ̀rọ Ló Sọ Fún Màmá, Kì í Ṣe Èmi

Ní gbogbo ọ̀sán Sunday, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mo sì gbé oúnjẹ síwájú Màmá, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí. Wọ́n á ní, "Bọ̀dé ńkọ́?" Wọ́n á gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n á sì máa wò mí. Bọ̀dé ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí wọn. Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tó ti kú ní Ìbàdàn. Màmá mọ̀ pé ó ti kú. Èmi náà mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń béèrè, n kò sì tíì lè fi òótọ́ dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì ni mí, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìlú New York yìí. Mo ti dúró ti àwọn tí dókítà ń túfọ̀ fún, mo ti gbé àga fún wọn, mo ti bu omi fún wọn, mo sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. N kì í ṣe ẹni tí omijé ń tètè bọ́ lójú rẹ̀. Nítorí náà, bí mo ṣe máa ń kọ ìròyìn aláìsàn sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni màá ṣe rò ó fún yín, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, torí ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

Ìfẹ́ ètò ló kó bá mi. Ilé alájà púpọ̀ oníbíríkì pupa ní àdúgbò Parkchester ni èmi àti Màmá jọ ń gbé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, Tóní, yunifásítì ló sì wà, ọ̀nà ibẹ̀ jìn sí wa. Fóònù mi, aago ọwọ́ mi, kọ̀ǹpútà mi àti tábúlẹ́ẹ̀tì tí Màmá ń pè ní fóònù ńlá, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe gbogbo wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo rà wọ́n. Ìgbà tí mo kó wọn jọ tán, mo fi odindi ọjọ́ ìsinmi kan jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi mọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Bí mo bá ń fọ abọ́, tí fóònù dún ní yàrá, aago ọwọ́ mi ni mo fi ń dáhùn. Bí mo bá ya àwòrán lójú ọ̀nà, kí n tó wọlé, ó ti dé inú fóònù ńlá. Ohun tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nínú reluwé, orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń parí rẹ̀. Kò sí wáyà, kò sí wàhálà. Mo máa ń fi yangàn níbi iṣẹ́, wọ́n sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ẹ̀rọ mi gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ju àwọn aláìsàn mi lọ. Òótọ́ sì ni.

Fóònù ńlá yìí ni mo gbé sórí tábìlì ní pálọ̀ fún Màmá. Mo ṣe é kí àwọn àwòrán inú rẹ̀ máa yí fúnra wọn, kí wọ́n lè máa rí Tóní àti àwọn ará ilé. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n mọ Yorùbá kà dáadáa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka kan ṣí i, tí wọ́n ń fi tẹ ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Tóní wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó yíjú sí mi, ó ní, "Mummy, ẹ ṣe account tiẹ̀ fún Grandma, please. Everything you do is showing up here." Mo kọ́kọ́ bá a wí pé ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí à ń pè ní "tiẹ̀". Lẹ́yìn náà ni mo wá dá a lóhùn pé nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, àpótí aṣọ kan ṣoṣo ni àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò, èmi, Bọ̀dé àti Fúnkẹ́ àbúrò wa, kò sì ní kọ́kọ́rọ́. Ṣé ìyá mi ni màá wá ya àkáǹtì sọ́tọ̀ fún, bí ẹni tó ń gba ayálégbé? Tóní gbé èjìká sókè. Inú mi dùn pé mo ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni Fúnkẹ́ pè mí láti Ìbàdàn. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá Bọ̀dé gúnlẹ̀ nínú ilé. Fúnkẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti parí. Àwọn àgbà ẹbí ṣe ìpàdé lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n ní Màmá kò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ṣàdédé la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ òbí lórí, pàápàá ní ìlú òkèèrè. Àwọn àgbà ló ń jókòó yí òbí ká, tí wọ́n á fi ọgbọ́n tú u. Wọ́n ní kí a ṣe sùúrù di ìgbà Kérésì tí Màmá máa wá sílé. Mo gbà. Lójú mi gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì, ìmọ̀ràn tó dára ni, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Màmá náà fínra. N kò ráàyè lọ sí ìsìnkú. Fúnkẹ́ fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, mo sì tọ́jú wọn sínú fóònù mi kí n lè máa rí wọn wò nínú reluwé. Fóònù náà sì ṣe iṣẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ.

Sunday kan kì í kọjá kí Bọ̀dé má pe Màmá. Nígbà tí kò pè mọ́, wọ́n ń bi mí, mo sì ń parọ́. Sunday àkọ́kọ́, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Èkejì, mo ní iṣẹ́ gbé e lọ sí Àbújá. Ní Sunday kẹta, wọn kò béèrè. Èyí tó tẹ̀ lé e náà, wọn kò béèrè. Mo rí i pé wọ́n ti da fóònù ńlá dojú dé lórí tábìlì, mo sì rí i pé ìró dúdú kan náà ni wọ́n ń ró láti ọjọ́ mélòó kan. Mo rí gbogbo rẹ̀ o! Mo wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, kò lọ sókè, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kọ̀wé sí Fúnkẹ́ pé, "Màmá ò béèrè Bọ̀dé mọ́. Ọjọ́ ogbó ti ń jẹ́ kí wọ́n gbàgbé nǹkan. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é." Mo fi ránṣẹ́, mo gbé báàgì mi, mo sì bá iṣẹ́ lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, ṣé ẹ mọ̀, bó bá ti bọ́ kò ṣe é kó mọ́.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, iṣẹ́ òwúrọ̀ ni mo ṣe. Wọn kì í jẹ́ kí a mú fóònù tàbí aago wọ wọ́ọ̀dù wa, inú lọ́kà ni wọ́n ń wà títí a ó fi ṣíwọ́. Nígbà tí reluwé tí wọ́n ń pè ní 6 jáde láti abẹ́ ilẹ̀ sí òkè ní ọ̀nà ilé, mo yẹ fóònù wò. Ọ̀rọ̀ Fúnkẹ́ ló wà níbẹ̀: "Bẹ́ẹ̀ ni mà, léèsì funfun yẹn náà ni. Èmi fúnra mi ni mo lọ̀ ọ́." N kò mọ ohun tó ń sọ. Mo wo òkè rẹ̀, mo rí ìbéèrè tí ó ń dáhùn, orúkọ mi ló wà lára rẹ̀: "Fúnkẹ́, ṣé léèsì funfun tí mo rà fún un ni wọ́n fi sin ín?" N kò ra léèsì fún Bọ̀dé láyé mi. Màmá ló rà á, èmi kàn bá wọn fi ránṣẹ́ sílé ni, ìdí nìyẹn tí Fúnkẹ́ kò fi fura. Mo tún wo òkè. Ìbéèrè mẹ́ta mìíràn ló ti jáde ní orúkọ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ṣé ó jẹ̀rora? Ṣé ó sọ nǹkan kan? Fúnkẹ́ sì ti fi gbogbo ọkàn dáhùn, pé òun ló wà níbẹ̀, pé kò pẹ́ rárá, pé omi nìkan ló béèrè, òun sì bù ú, kò rí i mu. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n Fúnkẹ́, n kò bi í ní ọ̀kankan nínú ìbéèrè wọ̀nyẹn rí. Mo jókòó kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀, mo ní láti wọ reluwé padà.

Màmá wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fóònù ńlá wà lórí itan wọn. Mo ní ẹ kúulé mà, wọ́n ní káàbọ̀, wọ́n béèrè iṣẹ́. Wọ́n wá yí ojú fóònù náà sí mi, wọ́n fi ìka sí ibi tí mo ti kọ ọ́ pé wọ́n ń gbàgbé nǹkan. "Mo ń gbàgbé lóòótọ́," wọ́n ní. "Lánàá, mi ò rántí ibi tí mo fi gíláàsì mi sí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé iye ọmọ tí mo bí."

Mo kúnlẹ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní ọ̀sán kan ni àwọn ń mu tíì, tí àwòrán Tóní kọjá, tí àwòrán yìnyín ẹnu ọ̀nà wa kọjá, tí pósí wá yọ, tí Bọ̀dé wà nínú rẹ̀. Wọ́n rò pé bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ náà, màá sọ fún àwọn. Wọ́n rò pé bóyá ọ̀la ni. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ èmi àti Fúnkẹ́ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń wá ọjọ́ tí a dá láti sọ fún wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni sùúrù wọn tán, tí wọ́n fi fúnra wọn bi Fúnkẹ́ láti orí fóònù ńlá. Ẹ wò ó, bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá, tèmi ò tilẹ̀ lò ju oṣù kan lọ.

Màmá ní, "Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ó kú, ẹ tún sọ ọ́ nù mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ló sọ fún mi, ọmọ mi ò tíì sọ fún mi. Dìde ńlẹ̀, jókòó, kí o sọ ọ́."

Mo jókòó. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" Wọ́n ní àwọn ti lò ó. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá wọn lọ.

Láti ọjọ́ náà, mo ti ṣe ohun tí Tóní wí, mo ti ya àkáǹtì Màmá sọ́tọ̀. Nǹkan mi kì í dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, tiwọn kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Pásítọ̀ àti àwọn ìyá ìjọ ti wá kí wọn. Fúnkẹ́ ti pè wọ́n, àwọn méjèèjì ti jọ sunkún títí, mo ń gbọ́ wọn láti kíṣìnnì. Gbogbo ènìyàn ló ti sọ ọ́ tán, ó ku èmi, ìdí nìyẹn tí Màmá fi tún ń bi mí léèrè Bọ̀dé ní gbogbo Sunday. Mo ti gbìyànjú nígbà mẹ́ta. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú fóònù mi, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn láti yàrá, ojú tì mí, mo pa á rẹ́. Kì í ṣe pé n kò nífẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Bóyá ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé bí mo bá fi ẹnu ara mi sọ ọ́, á wá di òótọ́ fún èmi náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ so ẹ̀rọ yín pọ̀ bó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ fi ẹnu sọ pamọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti túfọ̀ fún òbí yín rí, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ wo lẹ fi bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ di ọwọ́ wọn mú ni, àbí ilẹ̀ lẹ wò? Ọ̀la ni Sunday. Màá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á sì gbé ṣíbí sílẹ̀.