Bí Táyé Ṣe Gbé Itan Rẹ̀ Wá fún Mi ní Ọsibítù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó la ọ̀nà fún omi nínú ara ọmọ ènìyàn. Òun ló ní kí n dúró síbí láàárọ̀ yìí. Pásítọ̀ wa, ẹ ṣé. Màmá wa, ẹ ṣé. Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ẹ ó dárí jì mí o, ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni mo fẹ́ sọ, iwájú pẹpẹ ni mo sì dúró sí. Ẹni tí ojú bá ń tì kó máa wo ilẹ̀. Èmi ti tijú tèmi tán.

Ẹ mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Tóyìn tó ń yan gàrí lójú ọ̀nà Lánlátẹ̀. Ìgbó-Ọrà ni wọ́n ti bí wa, èmi àti Táyé, ìkejì mi. Táyé ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n èmi Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Ìdèrè ló wà nílé ọkọ. Láti ìgbà tó ti débẹ̀ ló ti ń kírun, èmi sì ń ṣe ìgbàgbọ́, a ò jà lórí ẹ̀ rí. Ẹran ọbẹ̀ nìkan la máa ń jà lé lórí, láti kékeré.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo ń bọ̀ láti ọjà Lánlátẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ọlọ́kadà yà fún ewúrẹ́, ó dà wá sílẹ̀, ìbàdí ni mo fi balẹ̀. Òun bó lórúnkún lásán. Èmi, oṣù mẹ́ta ni mi ò fi lè rìn. Ẹ gbàdúrà fún mi nígbà náà, mo dìde, mo fi ẹsẹ̀ mi rìn wọ inú ìjọ yìí, ẹ pariwo, ẹ jó. Ẹ rò pé ó ti parí. Mi ò sọ ìyókù fún yín.

Mi ò lè tọ̀. Iṣan tó ń bá àpò ìtọ̀ mi sọ̀rọ̀ ti já níbi ìṣubú yẹn. Bó ti wù kó kún tó, mi ò ní mọ̀, àfi tó bá ń dà sí mi lára. Àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ mi bí màá ṣe máa ki rọ́bà tín-ín-rín sí ojú ara láti fa ìtọ̀ jáde, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Bí mo bá pẹ́, yóò dà. Bí mi ò bá fọwọ́ dáadáa, ibà dé nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn nìyẹn. Àwọn kan ń sọ pé Ìyá Tóyìn ti tutù nínú ìgbàgbọ́, kì í dúró gba oore-ọ̀fẹ́ mọ́. Mo gbọ́ o! Ẹ̀yin Màmá akọrin, mo gbọ́ tiyín náà. Mo ti dárí jì yín.

Ẹ̀gẹ́ ló bò mí láṣìírí. Èyí tó bá ti kan nínú àpò, òórùn rẹ̀ ló ń bo tèmi mọ́lẹ̀ níbi tí a ti ń yan gàrí. Nílé, Bàbá Tóyìn ló ń bá mi fọ aṣọ ibùsùn, ó ń sá a sí ẹ̀yìnkùlé, ó tún ń kọrin sí i, kí àwọn aládùúgbò lè rò pé ó kàn fẹ́ràn aṣọ fífọ̀ ni.

Ìgbà tó yá, wọ́n darí wa sí ọsibítù ńlá kan ní Ìbàdàn. Dókítà obìnrin kan jókòó tì mí. Ó ní iṣan itan mi ṣì wà láàyè dáadáa, pé iṣẹ́ abẹ tuntun kan wà tí wọ́n fi lè ya ẹ̀ka kan lára rẹ̀, kí wọ́n rán an mọ́ iṣan àpò ìtọ̀, kó wá máa ṣe iṣẹ́ èyí tó kú. Kò purọ́ fún mi. Ó ní kì í gbà fún gbogbo ènìyàn, ó sì ń pẹ́.

Ẹ̀rù bà mí. Lédè tiwa, iṣan ni èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni èyí tó ń le bí ènìyàn bá sáré, iṣan náà tún ni èyí tí dókítà ń wí. Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ni wọ́n fẹ́ pa. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹní! Pásítọ̀ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú mi. Mo sọ fún Ọlọ́run pé, bó bá jẹ́ Òun ló rán dókítà yìí, kó fi hàn mí kedere, torí olórí kunkun ni mí.

Nígbà tó ku ọ̀la kí n wọ tíátà iṣẹ́ abẹ, mo pe Táyé láti orí ibùsùn ọsibítù. Nẹ́tíwọ̀kì Ìdèrè, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Táyé, wọ́n fẹ́ mú iṣan itan tó yè, kí wọ́n fi dípò èyí tó kú lára mi."

Ó ní, "Iṣan itan?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́." Fóònù já.

Ilẹ̀ mọ́, àyà mi já pátápátá. Bàbá Tóyìn ní òun fẹ́ lọ ra omi. Bó ṣe jáde báyìí, mo di ẹrù mi, mo wọ bàtà, mo fẹ́ sá lọ sílé. Ọlọ́run ń gbọ́, mo ti di ilẹ̀kùn mú. Ta ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà? Táyé! Ó wọ híjáàbù funfun, ó gbé báàgì dání, ètè rẹ̀ gbẹ.

"Kẹ́hìndé, ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀? Mi ò jẹun láti àná o. Wọ́n ní ẹni tí abẹ bá fẹ́ kàn kì í jẹun."

Mo ní, "Abẹ wo ló fẹ́ kan ìwọ?"

Ó ká ìró sókè, ó fi itan hàn mí. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti fi òrí pa á, ó ń dán. "Èyí ọ̀tún yìí lágbára ju ti òsì lọ. Òun ni mo fi ń gun òkè tí mo bá ń lọ sóko. Kí wọ́n mú un níbẹ̀."

Ẹ̀yin ará, ó rò pé ara òun ni wọ́n ti fẹ́ mú un! Ìbejì ni wá, lójú tirẹ̀, ibo ni dókítà tún fẹ́ wá iṣan lọ? Ó ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Wọ́n sọ fún un nílé pé ẹsẹ̀ náà lè rọ, ó ní kó rọ. Mo bi í bóyá ẹ̀rù ò bà á.

"Ẹ̀rù ń bà mí o! Ṣùgbọ́n ṣebí ìwọ ni ẹ̀gbọ́n. Àtinú ìyá wa lo ti ń rán mi níṣẹ́. O ní kí n lọ wo ayé wá, mo lọ. Ṣé itan ni màá wá fi dù ẹ́?"

Dókítà wọlé, ó wò mí, ó wo òun náà, ó béèrè ta ni aláìsàn. Táyé ní, "Àwa méjèèjì ni." Nígbà tí a ṣàlàyé, dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú. Ó ní, "Màmá, ara Màmá Kẹ́hìndé fúnra wọn la ti fẹ́ mú un. Ẹ̀ka kékeré ni. Wọ́n á ṣì máa rìn." Táyé bínú gan-an. Ó ní wọn ì bá ti tètè sọ, kóun ti jẹun.

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rín. Mo wo ẹrù tí mo dì. Ẹnì kan gbé itan rẹ̀ wá fún mi láti Ìdèrè, èmi ò lè fi itan ara mi fún ara mi! Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ti dáhùn. Mo bọ́ bàtà. Táyé di ọwọ́ mi mú títí dé ẹnu tíátà, ó ń ṣe Bísímílà, èmi ń pe Jésù. Pásítọ̀, ẹ má bínú, mo ṣe àmín sí tirẹ̀ náà.

Oṣù kan, oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, kò sí nǹkan kan. Dókítà ní iṣan náà ń fà lọ díẹ̀díẹ̀, bí ìtàkùn iṣu tó ń wá ọ̀pá. Nítorí pé iṣẹ́ itan ló mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní kí n máa fún itan mi pọ̀ nígbà tí mo bá fẹ́ tọ̀, kó lè kọ́ iṣẹ́ tuntun. Ẹ wo èmi àgbàlagbà lórí póò, tí mo há ìrọ̀rí sáàárín itan! Táyé ń pè lójoojúmọ́: "Ṣé ó ti dé?" bí ẹni tó ń retí àlejò. Màmá wa, ìyàwó Pásítọ̀, ń gbọ́wọ́ lé mi níkùn, ó ń pàṣẹ fún iṣan kó dàgbà. Lọ́jọ́ kan, mo sunkún pé ó ti sú mi. Bàbá Tóyìn ní, "Bí kò bá dé, màá máa fọ aṣọ." Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Mo sọ ọ́ níwájú ìjọ.

Ní oṣù kẹsàn-án, láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo jókòó, rọ́bà wà lọ́wọ́ mi. Mo fún itan mi. Mo gbọ́ ìró omi. Mo rò pé àwọn ará ilé kejì ló ń pọnmi. Mo dẹ itan, ìró náà dá. Mo tún fún un, ó tún ró. Èmi ni! Mo kígbe, "Bàbá Tóyìn, mo ń tọ̀ o!" Ó sá dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú póò. Mo pe Táyé, mo gbé fóònù sún mọ́ ibẹ̀, mo ní kó gbọ́. Ẹkún ló bú sí. Ó ní, "Ó ti dé."

Kò tíì pé pátápátá o. Mo ṣì ń fi rọ́bà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti kún, mo ti ń mọ̀. Nígbà tí Pásítọ̀ ń wàásù lẹ́ẹ̀kan, ẹ rí mi tí mo jáde, tí àwọn áṣà ẹnu ọ̀nà ń wò mí. Mo lọ tọ̀ ni. Ara mi ló pè mí, mo jẹ́ ẹ, mo padà wá.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Gbogbo ẹni tó jí láàárọ̀ yìí, tó tọ̀, tí kò rántí dúpẹ́, kó dìde. Ẹ dìde, ẹ má wojú ara yín. Pásítọ̀, ẹ̀yin náà. Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ wo bí gbogbo ìjọ ṣe wà lórí ìdúró. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín ni Ọlọ́run ti ń ṣe é fún yín. Ẹ dúpẹ́ tiyín, kí ẹ tó bá mi dúpẹ́ tèmi. Halelúyà!